Páìpù Gbígbóná Tó Wà Nímú Màmá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá nọ́ọ̀sì. Òtútù àyà ló gbé màmá mi dé ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì fi páìpù kan sí wọn nímú, ó tóbi ju ti ọ́síjìn tí mo mọ̀ lọ, ó ń dún ṣàà, atẹ́gùn rẹ̀ sì gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n yọ ọ́, pé ẹni tí wọ́n bá ti fi ọ́síjìn sí nímú ti ń lọ nìyẹn. Owó sílíńdà ò sì jẹ́ ká sinmi. Níbo ni ọ́síjìn yìí ń wọlé sí? – Àbíkẹ́yìn, Òṣogbo

Ìdáhùn: Àbíkẹ́yìn, ẹ kú ìdúró ti màmá. Ẹni tí wọ́n gbé dé nígbà tí èémí ti fẹ́ pin, tó wá kú, ọ́síjìn làwọn ará ilé máa ń di ẹ̀bi rù. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé lọ́dún 2015, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn 310, òtútù àyà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi fún wọn ní ọ́síjìn, àwọn tó lo irú páìpù yìí lẹni tó kú ti kéré jù láàárín 90 ọjọ́.

Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ mọ̀, lítà 5 tàbí 6 ní ìṣẹ́jú kan ló mọ. Ẹni tí èémí há mọ́ ń fa ju 30 lọ. Atẹ́gùn lásán inú yàrá ló wá ń bu là á. Ti màmá lè fẹ́ dé lítà 60. Bí atẹ́gùn yẹn bá gbẹ, imú á bó, ikun á gan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń gbé e gba orí omi gbígbóná, kó lè tutù díẹ̀ bí ọ̀rinrin, kó sì gbóná bí ara ènìyàn, ìwọ̀n 37 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì.

Owó yẹn ńkọ́? Sílíńdà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ènìyàn ń gba bíi lítà 6,800. Bó bá jẹ́ ọ́síjìn nìkan ní lítà 60, kò ní pé wákàtí méjì tó fi tán. Kò sẹ́ni tó ń jí i.

Iná mànàmáná tó ń gbé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù, pé kó má lọ. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, iná lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ kọ̀. Ṣàà yẹn dákẹ́ lójijì, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ta mí jí lórí àga. Ìbòmú ọ́síjìn alápò tí kò nílò iná, tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ni mo fi gba aláìsàn náà là. Ẹ bèèrè bóyá ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá.

Ẹ má tẹjú mọ́ nọ́ńbà ẹ̀rọ kékeré tó wà níka wọn, tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, nìkan. Ẹ wo àyà wọn, ẹ ka èémí fún odidi ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n má mọ̀. Bó bá jẹ́ 36 láàárọ̀, tó di 26 nírọ̀lẹ́, ó ń dáa. Bí nọ́ńbà ìka bá dára, ṣùgbọ́n tí èémí ò kúrò lójú 36, tí iṣan ọrùn ń fà, ẹ pe dókítà. Bó bá ní ó tó àkókò láti ki páìpù sí ọ̀fun kí ẹ̀rọ lè máa bá wọn mí, ẹ má jẹ́ kí ẹbí ṣèpàdé títí di ọjọ́ kejì.

Mo mọ̀ pé òrí lẹ máa fẹ́ fi pa imú wọn tó ń bó. Ẹ má fi í pa á o, ọ̀rá àti ọ́síjìn ò gbọdọ̀ pàdé. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.