Fílítà pupa àti mítà inú kámẹ́rà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín láti Ìsánlú. Fíìmù dúdú àti funfun ni mo fi ń ya àwọn àpáta agbègbè wa. Láti ìgbà tí mo ti ń de fílítà pupa (gíláàsì aláwọ̀ tí ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀) mọ́ lẹ́ǹsì ni nẹ́gátíìfù mi (fíìmù tí a ti fọ̀) ti ń ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí àwòrán ara rẹ̀ kò hàn dáadáa, bẹ́ẹ̀ ohun tí mítà inú kámẹ́rà, èyí tí ń wọn ìmọ́lẹ̀, bá sọ ni mo ń tẹ̀ lé. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí mítà yín má ní àrùn kankan. Ọ̀pọ̀ mítà ni ó máa ń rí ìmọ́lẹ̀ pupa ju bí fíìmù ṣe ń rí i lọ, nítorí náà, bí ó bá wọn ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn fílítà pupa, yóò kà á sí pé ó ti tó, nígbà tí èyí tí ó dé ara fíìmù kò tó rárá. Ẹ yọ fílítà kí ẹ tó wọn ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì wá fi kún ìmọ́lẹ̀ tí fíìmù yóò gbà: ìlọ́po 2 fún fílítà aláwọ̀ ìyeyè, 4 fún aláwọ̀ ọsàn, 8 fún pupa. Bí mítà bá ní 1/250 ìṣẹ́jú àáyá, 1/30 ni ẹ óò lò pẹ̀lú pupa.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ wọn koríko tútù láìsí fílítà lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan tí kò sí ìkùukùu. Pẹ̀lú fíìmù ISO 125 (ISO ni bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí) ní f/16 (ihò lẹ́ǹsì tó kéré), ó yẹ kí mítà sún mọ́ 1/125.

Ní tèmi, aláwọ̀ ọsàn ni mo fẹ́ràn fún àpáta, nítorí pé ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú òjìji, pupa sì máa ń sọ òjìji bẹ́ẹ̀ di dúdú kirikiri. Nígbà ọyẹ́, tí eruku ti sọ ojú ọ̀run di funfun, kò sí èyí tí yóò ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nínú wọn.