Ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbẹ́ fún sókàwé, ẹ má kó o dànù

Bọ̀dá tó ní hááfù plọ́ọ̀tì ní Ẹ̀pẹ́, tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́lé oníyàrá mẹ́ta tí ò ní ba àyíká jẹ́, tẹ́ ẹ wá ń bèèrè pé sọ́là mélòó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́là sílẹ̀ ná. Sọ́là ò ní sá lọ, ọjọ́ tówó bá wọlé lẹ máa rà á. Ògiri ni tó bá ti dúró, ó ti dúró nìyẹn, ibi tílé kọjú sí náà, kò sẹ́ni tó lè bá yín yí i padà. Ìmọ̀tà lápá Ìkòròdú ni mo kọ́ tèmi sí, ọdún mẹ́ta ló gbà mí, mo sì bà á jẹ́ dáadáa kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí, ilé alámọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá wọnú ẹ̀ lọ́sàn-án gangan ẹ máa rò pé ẹnì kan tan ẹsíì síbẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí mo fi sọ fún ìyàwó mi pé ìyẹ̀pẹ̀ pupa la máa fi mọ ògiri tiwa. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní "Bàbá Ìbejì, ṣé òṣì ti dé ni?" Mo ní rárá o, a ò fẹ́ fẹsẹ̀ pò ó bíi tayé àtijọ́, mẹ́ṣìn la máa fi tẹ̀ ẹ́, símẹ́ńtì díẹ̀ máa wà nínú ẹ̀, a ò sì ní fi iná sun ún bíi bíríkì. Àwọn NBRRI, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ilé kíkọ́ àti ọ̀nà, tó ní ibùdó ní Ọ̀tà, ti ń pariwo irú búlọ́ọ̀kù yìí tipẹ́, àwa la ò gbọ́.

600 àkọ́kọ́ tá a tẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹ̀bi mi ni. Àwọn lébìrà ń kó ilẹ̀ dúdú tòkè pátápátá, tòun ti gbòǹgbò tòun tewé, èmi náà dúró ń wò wọ́n, mo ní ṣebí ilẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ tán la tún tò ó sínú oòrùn kó lè tètè gbẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, bíríkìlà mi mú ọ̀kan, kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi àtàǹpàkò ti igun ẹ̀, igun yẹn sì rún bíi búrẹ́dì tó ti sùn lọ́jọ́ mẹ́ta, ló bá gbójú sókè wò mí. Ìtìjú tó bá mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ má wulẹ̀ bèèrè.

Bàbá kan tó ti ṣe é rí ló wá kọ́ mi ní ti ìgò. Ẹ wá ìgò tó mọ́ gaara tẹ́nu ẹ̀ fẹ̀, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kọjá ibi tó dúdú, dé bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ẹ bu ìyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ sínú ìgò dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bomi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì í dáadáa, kẹ́ ẹ wá gbé e síbi tọ́mọdé ò ti ní fọwọ́ kàn án di ọjọ́ kejì. Yanrìn ló máa kọ́kọ́ sùn sísàlẹ̀, èyí tó kúnná á lé e, amọ̀ á gbẹ̀yìn wọn sókè. Tí yanrìn bá ju ìlàjì lọ dáadáa, tí amọ̀ wá tó bí ìdá kan nínú márùn-ún, ẹ ti rí ilẹ̀. Tí amọ̀ bá pọ̀jù, búlọ́ọ̀kù á máa sán, tó bá sì jẹ́ yanrìn lásán, kò ní lẹ̀ mọ́ra.

Tá a ṣe lẹ́ẹ̀kejì, símẹ́ńtì ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún la fi sí i, abẹ́ tápólì la tò ó sí, à ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje, ó sì lò tó ọjọ́ 28 ká tó mọ ọ́n. Ilẹ̀ tá a gbẹ́ fún ìpìlẹ̀ àti sókàwé la lò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì iṣẹ́ náà, ilẹ̀ táwọn aráàlú máa ń sanwó fún tíípà kó wá gbé e dànù.

Ẹ jẹ́ n sòótọ́ ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì fún yín o, torí àwọn tó ń ta mẹ́ṣìn yẹn máa ń parọ́. Àpò kan fún mi ní nǹkan bí 130 búlọ́ọ̀kù, inú mi dùn, mo ń pariwo, àfìgbà tí mo ṣírò ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù mi kéré, bí 40 ló ń gba mítà kan ní mítà kan lójú ògiri, búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì náínì ínǹṣì ò ju 10 lọ, àpò kan àwọn oníbúlọ́ọ̀kù sì ń yọ 35. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ọgba ni, kódà wọ́n fi díẹ̀ jù mí lọ. Ibi tí mo ti wá jèrè ni pé tèmi ń kọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló jókòó lórí símẹ́ńtì, ìyókù kàn ń gbéra lé ara wọn ni, mi ò sì fi pílásítà kankan sí i, nínú àti lóde. Símẹ́ńtì nìkan ló ń tú bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èéfín kábọ́ọ̀nù táwa èèyàn ń tú sáfẹ́fẹ́ láyé, torí náà pílásítà tẹ́ ẹ yọ kúrò kì í ṣe nǹkan kékeré. Àmọ́ ìpìlẹ̀ àti jáámánì flọ́ọ̀, kọnkéré ni kẹ́ ẹ ṣe o, kẹ́ ẹ fi náínì ínǹṣì gbé e dé dípíìsì, ìyẹn ibi tí ìpìlẹ̀ parí sí kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀, amọ̀ àti omi ilẹ̀ kì í ṣọ̀rẹ́.

Tí ilẹ̀ yín bá sún mọ́ ọ̀sà, tó jẹ́ yanrìn funfun bíi ti àwọn ará Àgbádárìgì létí òkun, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Tíípà tó máa gbé ìyẹ̀pẹ̀ pupa láti ọ̀nà jíjìn wá á ti jó dísẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì kọ́ ọ, kẹ́ ẹ kàn dín bílé ṣe tóbi tó kù.

Páànù, ẹ jẹ́ kó yọ kọjá ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Mo mọ̀ pé párápẹ́ẹ̀tì ló ń jọba báyìí, gbogbo ilé tuntun fẹ́ jọ ti Lẹ́kkí, àmọ́ ṣe ló máa ń fi ògiri sílẹ̀ fún òjò. Omi òjò orí páànù yẹn náà, ẹ máa gbà á pa mọ́: òjò mìlímítà kan lórí páànù tó fẹ̀ tó mítà kan ní mítà kan, lítà kan ni, ẹ fi tiyín ṣírò ẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ tó ń fọ eruku kọjá lọ.

Ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn, ẹ jẹ́ kó kọjú sí àríwá àti gúúsù. Èmi ò mọ̀, yàrá ìbùsùn mi kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ògiri amọ̀ yẹn á gba oòrùn sára láti ọ̀sán, á wá máa pín in fún wa títí aago mẹ́wàá alẹ́. Igi màńgòrò ńlá kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, èmi fúnra mi ni mo ní kí katapílà wó o. Òmíràn tí mo gbìn síbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé èjìká mi ni.

Sọ́là tí mo wá rà nígbẹ̀yìn ò tó nǹkan, fáànù, fìríìjì àti gílóòbù ló ń gbé, torí a ò ra ẹsíì. Ìyàwó mi ló ń mú àlejò yí ilé ká báyìí, tó ń fọwọ́ gbá ògiri fún wọn pé "ẹ gbọ́ ọ."

Tẹ́ ẹ bá ti mi ìgò yẹn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ fi hàn mí kẹ́ ẹ tó fún onímẹ́ṣìn kankan lówó.