Kí ẹ tó ra RAM ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà bàbá yín ní Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ń gbé ní Leeds. Ẹ ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí bàbá yín ń lò ní Òṣogbo ti ń falẹ̀ gan-an, pé 2GB RAM péré ló wà nínú rẹ̀, àti pé ẹ fẹ́ ra 8GB níbí kí ẹ fi rán ẹni tó ń lọ sílé lóṣù tó ń bọ̀. Èrò dáadáa ni. Orí RAM ni kọ̀ǹpútà ń tẹ́ gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, bí ibẹ̀ bá sì ti kún, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó lára iṣẹ́ náà lọ sórí hard disk, ibi tó ń tọ́jú fáìlì pamọ́ sí, tó lọ́ra púpọ̀ ju RAM lọ, bàbá á sì máa jókòó dúró dè é. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì náwó títí ẹnìkan nílé yóò fi ṣí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà, tí yóò sì ya fọ́tò ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara RAM tó wà níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ló mú kí n tẹnu mọ́ ọn. Mo ra ẹyọ méjì ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀, ó sì wọ inú ihò rẹ̀ dáadáa, àmọ́ kọ̀ǹpútà náà kò tàn. Ó kàn ń dún píì, píì ni. RAM ti server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń bá ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn ṣiṣẹ́, ni wọ́n tà fún mi. Bó ṣe rí lójú kò yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà ilé, lẹ́tà kan ṣoṣo tó wà lára ìwé pélébé yẹn ló tú àṣírí rẹ̀: PC3-10600R ni wọ́n kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ PC3-10600U ni kọ̀ǹpútà ìyá mi ń fẹ́. Lẹ́tà U ni kí ẹ máa wá. R jẹ́ ti server, S sì jẹ́ ti laptop, tó kúrú ju ti orí tábìlì lọ.

Lẹ́yìn lẹ́tà náà, ẹ wo ìran tí RAM náà jẹ́. DDR3 jáde ní ọdún 2007, DDR4 sì tẹ̀lé e ní ọdún 2014, nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bàbá bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2010 sí 2014, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ DDR3. Ìran kan kì í wọ ihò ìkejì, nítorí pé ibi tí wọ́n gé sí nísàlẹ̀ RAM kò bára mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín 240 (àwọn ìlà wúrà kéékèèké tó wà létí ìsàlẹ̀ rẹ̀) ni DDR2 àti DDR3 jọ ní. Ẹni tó bá fi agbára tì í wọlé yóò ba motherboard jẹ́, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́.

Bó bá jẹ́ Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, kí àbúrò yín tó wà nílé tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kó lọ sí Performance, kó sì tẹ Memory. Yóò rí iye ihò tó wà àti iye tí RAM ti wà nínú rẹ̀. Kó tún wò ó bóyá 32-bit ni Windows náà tàbí 64-bit, ìyẹn oríṣi Windows méjì tí ìwọ̀n RAM tí wọ́n lè lò kò dọ́gba. Èyí ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí Windows 32-bit kò lè lo ju 4GB lọ, 8GB tí ẹ fẹ́ rà yóò sì di ìnáwó lásán àfi tí wọ́n bá tún Windows mìíràn fi sí i. Motherboard pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀: Dell OptiPlex 780 kò gba ju 4GB lọ nínú ihò kọ̀ọ̀kan, nígbà tí OptiPlex 7010 ti ọdún 2012 gba 8GB. Èmi yóò yan ẹyọ 4GB méjì dípò ẹyọ 8GB kan, nítorí pé kọ̀ǹpútà máa ń yára sí i bí méjì bá jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ní ti ibi tí ẹ ó ti rà á, bí àbúrò yín bá lè dé Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí ọ̀dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe tó ṣeé fọkàn tán ní Òṣogbo, kó gbé kọ̀ǹpútà náà dání kí wọ́n dán RAM wò níṣojú rẹ̀ kó tó sanwó. Mo fara mọ́ ìyẹn ju kí ẹ rà á ní Leeds, torí èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ yóò ṣòro láti dá padà láti ilé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi sí i, kí wọ́n yọ wáyà kọ̀ǹpútà kúrò lára UPS pátápátá, nítorí UPS ṣì ń gbé iná wọlé bí NEPA bá tilẹ̀ ti mú iná lọ. Kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀, kí wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò. Kí wọ́n má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Etí RAM ni kí wọ́n dì mú, kí wọ́n má fọwọ́ kan eyín aláwọ̀ wúrà rẹ̀. Kí wọ́n tẹ igun méjèèjì wọlé títí ìgbámú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi padé fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń dún píì, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi rọ́bà ìpa-pẹ́ńsùlù tó mọ́ nu eyín náà, kí wọ́n sì tún un kì. Bí ó bá tàn, kí wọ́n tẹ mdsched sínú àpótí ìwákiri Windows láti yẹ RAM náà wò, nígbà tí iná bá dúró dáadáa.

Ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó fi RAM àtijọ́ pamọ́, kó má jù ú nù, nítorí bí tuntun bá kọ̀, wọ́n á dá ti tẹ́lẹ̀ padà, bàbá á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ títí ẹ ó fi rí òmíràn.