Títí Dé Ibo? Ìbéèrè Yín Lórí Linear Programming àti Ètò Ìṣẹ̀dá Ọjà

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, olùkọ́ ni mí. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní linear programming, ìyẹn ìṣirò tí a fi ń mọ iye ọjà oríṣiríṣi tó yẹ kí iléeṣẹ́ kan ṣe kí èrè rẹ̀ lè pọ̀ jù lọ nígbà tí wákàtí, ẹ̀rọ àti ohun èlò bá níwọ̀n. Wọ́n mọ bí a ṣe ń rí ìdáhùn. Àmọ́ bí a bá ti dé orí sensitivity analysis, tí mo bi wọ́n pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí wákàtí bá lé tàbí bí èrè orí ọjà kan bá yí padà, wọ́n á kàn ka nọ́ńbà inú àbọ̀ kọ̀ǹpútà sí mi létí láìmọ ohun tó túmọ̀ sí. Ṣé kí n padà sí ìṣirò simplex àfọwọ́ṣe (ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń wá ìdáhùn náà ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀) ni, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n máa lo kọ̀ǹpútà nìkan?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Kì í ṣe pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín kò mọ ìṣirò. Wọn kò tíì fojú rí ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni. Nítorí náà, èmi kò ní fi ọ̀kankan ṣíwájú nínú méjèèjì. Pẹ́ńsù, rúlà àti bébà gíráàfù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lé wọn lọ́wọ́, pẹ̀lú iléeṣẹ́ kékeré tó ń ṣe ọjà méjì péré, nítorí pé ọjà méjì ni ojú lè rí lórí bébà.

Ẹ jẹ́ ká ní tábìlì àti àga ni iléeṣẹ́ náà ń ṣe. Èrè orí tábìlì kan jẹ́ 8, ti àga kan jẹ́ 5, irú owó yòówù tí ẹ bá fẹ́ kà á sí. Tábìlì kan ń gba wákàtí 2 nídìí ẹ̀rọ ìrẹ́gi, àga kan ń gba wákàtí 1, gbogbo wákàtí ìrẹ́gi tó wà lọ́sẹ̀ sì jẹ́ 100. Ní ti ọ̀dà kíkùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba wákàtí 1, wákàtí 70 ló sì wà. Gbèdéke kẹta ni pé àwọn oníbàárà kì í ra ju tábìlì 40 lọ lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá fa ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n gbé rúlà lé bébà bí ìlà èrè, tí wọ́n sì ń sún un lọ sókè láìyí i, igun tí rúlà náà máa fara kàn gbẹ̀yìn ni tábìlì 30 àti àga 40. Èrè ibẹ̀ jẹ́ 440.

Ibí yìí ni kí ẹ ti dúró pẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi wákàtí kan ṣoṣo kún ti ìrẹ́gi, kó di 101, kí wọ́n sì tún igun náà wá. Wọn á rí i pé ó ti di tábìlì 31 àti àga 39. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu pé wákàtí lé, síbẹ̀ àga dín kù. Ẹ jẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu dáadáa kí ẹ tó béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn: wákàtí ọ̀dà kò lé, nítorí náà tábìlì kan tó wọlé gbọ́dọ̀ lé àga kan jáde. A jèrè 8, a pàdánù 5, ó ku 3. Mẹ́ta yìí ni wọ́n ń pè ní shadow price wákàtí ìrẹ́gi. Kí wọ́n ṣe bákan náà fún ọ̀dà: bí wákàtí rẹ̀ bá di 71, àga méjì á wọlé, tábìlì kan á jáde, a ó yọ 8 kúrò nínú 10, á ku 2. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan ti mọ ibi tí nọ́ńbà náà ti wá, kò sì ní í tètè gbàgbé.

Ẹ wá bi wọ́n pé: bí a bá fi wákàtí 20 kún ìrẹ́gi ńkọ́? Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á dáhùn pé 3 lọ́nà 20, èrè á fi 60 lé. Kí wọ́n yà á wò. Nígbà tí wákàtí bá dé 110, ètò náà á ti di tábìlì 40 àti àga 30, èrè á sì jẹ́ 470. Láti ibẹ̀ lọ, tábìlì kò lè pọ̀ sí i mọ́ nítorí àwọn oníbàárà, àga náà kò sì lè pọ̀ sí i nítorí ọ̀dà. Wákàtí mẹ́wàá tó kù á kàn jókòó lásán. Èrè 30 ló wọlé, kì í ṣe 60. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, iye yẹn nìkan ni mo kọ́ wọn, mo fi ibi tó parí sí sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì, ìsọdipúpọ̀ yẹn sì ti wọ̀ wọ́n lára kí ọ̀sẹ̀ náà tó dé. Láti ìgbà náà ni n kì í ti í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka shadow price jáde nínú kíláàsì mi láìsọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí: fún ìrẹ́gi, láti 70 dé 110, fún ọ̀dà, láti 60 dé 100.

Ẹ kíyè sí gbèdéke tábìlì 40 yẹn. Shadow price rẹ̀ jẹ́ òdo, nítorí pé 30 péré la ń ṣe, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì fẹ́ pa á tì bí ohun tí kò wúlò. Òun gan-an ló dá wa dúró ní 110.

Ti èrè orí ọjà kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí èrè tábìlì bá wà láàárín 5 sí 10, igun náà kò ní yí padà. Tó bá di 9, ètò á ṣì jẹ́ 30 àti 40, ṣùgbọ́n àpapọ̀ èrè á di 470. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún wọn, nítorí wọ́n máa ń rò pé bí ètò kò bá yí, èrè náà kò yí. Tó bá di 11, rúlà á kọjá sí igun tábìlì 40 àti àga 20, tí èrè rẹ̀ jẹ́ 540, nígbà tí ti àtẹ̀yìnwá kò ju 530 lọ.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ṣí kọ̀ǹpútà. Nínú Solver, irinṣẹ́ inú Excel tó ń yanjú irú ìṣirò yìí, kí wọ́n yan ọ̀nà Simplex LP, nítorí pé bí wọ́n bá fi ọ̀nà GRG Nonlinear ṣe é, ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan parí sí kò ní hàn nínú àbọ̀ náà. Kí wọ́n wá fi ìka tọ́ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí ojú ibi tó wà lórí bébà wọn. Simplex àfọwọ́ṣe lè tẹ̀ lé e fún àwọn tó fẹ́ jinlẹ̀. Inú mi máa ń dùn láti sọ fún wọn pé Leonid Kantorovich, onímọ̀ ìṣirò ará Soviet tó gbé irú ìṣirò yìí jáde ní 1939, ṣáájú kí George Dantzig tó gbé simplex kalẹ̀ ní 1947, ti so nọ́ńbà kan mọ́ gbèdéke kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti ohun èlò ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe pákó plywood ló bí ìṣirò náà fún un. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ọjà ni ìbéèrè yìí ti wá.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Èmi ni mo ń ṣètò iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ wa. Bí shadow price ìrẹ́gi bá jẹ́ 3 tí ti ọ̀dà sì jẹ́ 2, ṣé kò yẹ kí n kó àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀dà lọ sí ìrẹ́gi? Ọ̀gá mi sì ní a kò gbọ́dọ̀ san 4 fún wákàtí àfikún tí iye rẹ̀ jẹ́ 3. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN

Ẹ jẹ́ ká fi iléeṣẹ́ òkè yìí wò ó. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé kúrò ní ọ̀dà lọ sí ìrẹ́gi ń mú 1 wá, lóòótọ́. Bí ẹ bá gbé 5, èrè á di 445. Bí ẹ bá gbé 6, á padà sí 440, nítorí pé àyípadà méjèèjì jọ ń ti tábìlì lọ sí 40 ni. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìrẹ́gi lè fi wákàtí 10 lé, ọ̀dà sì lè fi 10 dín. Lápapọ̀, ìdajì ìdajì ni kálukú ní. Ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan parí sí nínú àbọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ ti ìgbà tí ohun kan ṣoṣo bá yí padà.

Ní ti ọ̀gá yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí bí wọ́n ṣe rí èrè 8 àti 5 yẹn. Bí wọ́n bá ti yọ owó iṣẹ́ wákàtí, ká ní 2, kúrò kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀, a jẹ́ pé 3 náà jẹ́ èlé lórí 2 tí ẹ ti san. Ẹ lè san tó 5 láìpàdánù, ríra á ní 4 sì dára títí dé wákàtí 10. Ṣùgbọ́n bí owó oṣù bá jẹ́ iye kan náà bó ti wù kí iṣẹ́ rí, tí wọn kò yọ ọ́, ọ̀gá yín ló jàre.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Kí ló dé tí àbọ̀ sensitivity kì í jáde bí mo bá ní kí iye ọjà jẹ́ odidi nọ́ńbà?

ÌDÁHÙN

Nítorí pé ètò odidi nọ́ńbà ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn ni, shadow price sì nílò ìlà tó ń sún díẹ̀díẹ̀. Ẹ yí wákàtí náà padà fúnra yín, láti 100 sí 101, sí 102, kí ẹ tún un yanjú ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì to èrè rẹ̀ sínú àtẹ nọ́ńbà. Ibi tó ti fò á hàn kedere.