Ta ló ní àṣẹ láti kéde ogun? Ààrẹ nìkan kọ́

Ìbéèrè: Amòfin, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ń pín ohùn kan kiri lórí WhatsApp ní àdúgbò wa pé nígbà tó jẹ́ pé Ààrẹ ni ọ̀gá àgbà àwọn ológun, ọjọ́ tó bá wù ú ló lè kéde ogun. Wọ́n ní bí ogun bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ní sí ìdìbò mọ́, wọn yóò sì máa fi tipátipá kó àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ sọ́jà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 19. Ọkùnrin kan ti gba 20,000 náírà lọ́wọ́ mi pé òun yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, ó tún ti ń bèèrè owó mìíràn báyìí. Ṣé kí n san án? Ìyá kan, Mọ́níyà, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Kí n tó ṣàlàyé òfin kankan, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ kan mọ́. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ yín sí, nítorí náà kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Irú ìbéèrè yìí ti dé ọ̀dọ̀ mi léraléra, inú sì ti ń bí mi gidigidi sí àwọn tó ń fi ẹ̀rù ogun jẹun lára àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí yín mú ni gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ohùn náà, èyí tí àwọn tó kàwé pàápàá máa ń gbà gbọ́, pé ẹni tó bá ti jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn ológun ló ni ogun. Kò rí bẹ́ẹ̀, orí èyí ni n ó sì ti lo àkókò jù.

Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 pín àṣẹ ogun sí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Abala 5, ìlà kẹrin, sọ ọ́ ní pàtó pé Ààrẹ kò gbọdọ̀ kéde pé Nàìjíríà wà nínú ogun pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi bí Ilé Aṣòfin Àgbà àti Ilé Aṣojú-ṣòfin bá jókòó pọ̀ tí wọ́n sì fi ìpinnu wọn fọwọ́ sí i. Ẹ kíyè sí i pé òfin kò ní kí ilé kọ̀ọ̀kan lọ dìbò nínú yàrá tirẹ̀. Àwọn 109 tó wà ní ilé àgbà àti àwọn 360 tó wà ní ilé kejì ló ní kí wọ́n péjọ gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Lábẹ́ ìlà kan náà, ọ̀rọ̀ rírán àwọn ọmọ ogun wa lọ jà lẹ́yìn odi Nàìjíríà, yálà a kéde ogun tàbí a kò kéde rẹ̀, jẹ́ ti Ilé Aṣòfin Àgbà, tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó gbéra.

Kí wá ni ipò ọ̀gá àgbà wà fún? Abala 218 ló ṣàlàyé rẹ̀. Ààrẹ ló ń pinnu bí a ó ṣe lo àwọn ológun, òun ló sì ń yan olórí gbogbo ọmọ ogun pẹ̀lú àwọn olórí ológun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú. Bí a bá ti wọ ogun lọ́nà tó bófin mu, òun àti àwọn ọ̀gágun tó yàn ni wọn yóò sọ ibi tí a ó gbà kọlu ọ̀tá, ìgbà tí a ó dúró àti ìgbà tí a ó padà sẹ́yìn. Aṣòfin kankan kò lè máa pàṣẹ fún ọ̀gágun lójú ogun. Ẹ wo Mọ́gàjí nínú agboolé ní Ìbàdàn níbí. Òun ló ń darí ilé, òun ló ń ṣojú ẹbí níta, síbẹ̀ bí ó bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé àwọn olórí ojúlé fọwọ́ sí i, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n sì da títà náà nù. Àwọn tó ti ra ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn aṣòfin ló ń fọwọ́ sí owó tí ìjọba ń ná, kò sì sí ogun tí a ń jà láìná owó.

Bí ẹ bá rò pé inú ìwé nìkan ni èyí wà, ẹ rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Àwọn sọ́jà ti gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Niger ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, àwọn olórí ECOWAS (ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà), tí Ààrẹ Tinubu jẹ́ alága wọn nígbà náà, sì ti halẹ̀ pé àwọn lè lo agbára. Ààrẹ kọ̀wé sí Ilé Aṣòfin Àgbà. Àwọn aṣòfin jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ìdìtẹ̀gbàjọba náà, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ sí ogun. Ohun tí wọ́n rọ Ààrẹ àti ECOWAS sí ni kí wọ́n fi ìjíròrò yanjú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kò wọ Niger. Ọ̀gá àgbà kan náà ni, àwọn ológun kan náà ni, síbẹ̀ kò lọ.

Nígbà náà ni ẹnìkan máa ń dìde pé, ‘Amòfin, ti Kútọnu ńkọ́?’ Ìbéèrè gidi nìyẹn. Nígbà tí àwọn sọ́jà kan gbìyànjú láti gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Benin ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, bàálù ogun wa ti gbéra kí Ilé Aṣòfin Àgbà tó fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 9 oṣù náà. Abala 5, ìlà karùn-ún, ló ṣí ilẹ̀kùn kékeré yìí sílẹ̀: bí ewu bá ti kanlẹ̀kùn sí ààbò orílẹ̀-èdè, Ààrẹ lè fi ọ̀rọ̀ lọ Ìgbìmọ̀ Ààbò Ilẹ̀ Wa, kí ó sì rán àwọn ológun jáde fún ìjà tó ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá bèèrè àṣẹ, ilé àgbà sì ní ọjọ́ 14 láti gbà tàbí láti kọ̀. Àlèébù kan wà níbẹ̀ tí n kò ní fi pamọ́ fún yín. Òfin náà kò sọ bí a ó ṣe kó àwọn ọmọ ogun padà bí ilé àgbà bá kọ̀ nígbà tí ìbọn ti ń dún. Lójú tèmi, ó yẹ kí àwọn aṣòfin ti dí àlàfo yẹn tipẹ́tipẹ́. Síbẹ̀, ìjà tó ní ìwọ̀n ni ilẹ̀kùn náà wà fún, kò fún Ààrẹ láyè láti dá kéde ogun.

Mo fura pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni ìgbàgbọ́ òdì yìí ti ń ràn wá. Lọ́hùn-ún náà, àwọn aṣòfin ni ìwé òfin wọn gbé àṣẹ kíkéde ogun fún, ọdún 1942 ni wọ́n sì lò ó kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, àwọn ààrẹ wọn ti ja ogun Kòríà àti ti Fẹtinámù láìkéde ogun kankan, èyí ló sì mú kí àwọn aṣòfin wọn ṣe òfin ní ọdún 1973 pé kí ààrẹ sọ fún wọn láàárín wákàtí 48, kí ìjà náà má sì kọjá ọjọ́ 60 láìgba àṣẹ. Àwọn ààrẹ kì í fẹ́ràn òfin yẹn. Ohun tí a ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n wọn kì í ṣe òfin tiwa.

Àwọn àgbà tó rántí ogun abẹ́lé a sì máa dá mi lóhùn pé Gowon kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, nítorí ìjọba ológun ni, kò sí ilé aṣòfin tí ì bá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ní oṣù Keje ọdún 1967, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló pe ohun tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kò gbà pé Bìáfúrà jẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn. Kódà nínú ìtàn tiwa ní Ìbàdàn, nígbà tí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, gbé ogun dìde sí àwọn Ẹ̀gbá ní 1877, àwọn ìjòyè ogun kan kò fẹ́ ẹ. Ó kú sí ibùdó ogun ní 1885, ogun náà kò sì parí títí di 1893.

Ibi tó yẹ kí ẹ̀rù bà wá ni ìjà abẹ́lé. Abala 217 gba Ààrẹ láyè láti pe àwọn ológun kí wọ́n pa ọ̀tẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì ran ìjọba lọ́wọ́ láti mú ìlú tòrò, kò sì nílò kí ó kéde ogun kankan. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àwọn sọ́jà ṣe ń bá Boko Haram jà láti ọdún 2009. Bí olóṣèlú bá sì ní òun ti gbé ogun ti àwọn ajínigbé, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni lójú òfin. Gómìnà tó wà ní Agodi kò lè kéde ogun, Amọ̀tẹ́kùn kì í ṣe ológun, àwọn sọ́jà tí ẹ sì ń rí tí wọ́n ń jáde ní bárékè Ọ̀dògbo ní Òjòó, Àbújá ni àṣẹ wọn ti ń wá. Ti ìjọba pàjáwìrì tún yàtọ̀. Abala 305 ló dá lé e, Ààrẹ lè kéde rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò wọlẹ̀ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan kò bá fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ 2 bí ilé bá wà lẹ́nu ìjókòó, tàbí ọjọ́ 10 bí wọ́n bá wà ní ìsinmi.

Ní ti ìdìbò, ẹni tó gba ohùn yẹn sílẹ̀ ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Abala 135 mẹ́nu bà á pé a lè fi kún ọdún 4 Ààrẹ nígbà ogun. Àmọ́ ogun náà gbọ́dọ̀ dé orí ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀, kí ó sì dà bí ẹni pé ìdìbò kò ṣeé ṣe lójú Ààrẹ, lẹ́yìn èyí àwọn aṣòfin ni yóò fi ìpinnu wọn sún un síwájú, kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù 6 lẹ́ẹ̀kan. Ogun tí a lọ jà ní ilẹ̀ ẹlòmíràn kò tó.

Ní ti ọmọ yín, abala 34 àti 220 gbà pé a lè fi òfin sọ iṣẹ́ ológun di dandan, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ló gbọ́dọ̀ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, wọn kò sì tíì ṣe é títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ ló ń wọṣẹ́ sọ́jà ní Nàìjíríà, fọ́ọ̀mù rẹ̀ pàápàá kì í ṣe títà. Àlàyé gbogbogbòò ni mo ṣe yìí o. Bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, ẹ kó ìwé yín lọ bá agbẹjọ́rò tó lè wò ó fínnífínní.

Ọkùnrin tó gba owó yín, gbájúẹ̀ ni. Ẹ má pa àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù yín, ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín. Ẹ má ṣe dá nìkan lọ bá a nílé rẹ̀. N kò lè ṣèlérí pé 20,000 náírà náà yóò padà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹjọ́ sùn, ó lè má ráyè gba ti ẹlòmíràn.