Bí a ṣe lè ṣe yóga pẹ̀lú ọmọ àti ẹbí nígbà ọlidé ìgbà ooru

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Peckham ní ìlú London ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wá lọ́rẹ: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 13, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 8, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún 4. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣe yóga, ara mi sì gbà á. Nígbà tí ilé-ìwé bá gba ọlidé ní ìparí oṣù Keje, mo fẹ́ kí gbogbo wa jọ máa ṣe é ní Burgess Park, kí àwọn ọmọ má baà tẹjú mọ́ fóònù láti àárọ̀ di alẹ́. Màmá mi náà ń bọ̀ láti Ìbàdàn, àmọ́ orúnkún ń dùn wọ́n. Àwọn aládùúgbò wa méjì fẹ́ kí n fi ọmọ wọn kún un, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ń bẹ̀rù pé ìbọ̀rìṣà ni yóga. Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé mo sì lè gba owó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Kí n tó mẹ́nu ba ìdúró kankan, ìyẹn bí a ṣe ń to ara nínú yóga, ohun kan wà tí mo kà sí pàtàkì jù: ẹ má ṣe mú kíláàsì àgbàlagbà, kí ẹ gé e kúrú, kí ẹ wá pè é ní ti ọmọdé. Àgbàlagbà ń wá sí kíláàsì kí ẹ̀yìn tó ti le lè rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọmọ ọdún 4 kò le rárá. Èrè tí ọmọ lè rí níbẹ̀ ni kí ó mọ ìgbà tí èémí rẹ̀ ń yára, ìgbà tí oríkèé kan ń kọ̀ fún un, ìgbà tí ooru ti pọ̀ jù fún un, kí ó sì lè dáwọ́ dúró láìtijú. Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, púpọ̀ nínú ohun tí ẹ béèrè yóò yanjú fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ooru, nítorí àwa tí a dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá máa ń fojú kéré ooru Ìlú Ọba. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, ooru ga dé ìwọ̀n 40.3 Celsius ní Coningsby, ní agbègbè Lincolnshire, kò sì sí irú rẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ Ìlú Ọba títí di ọjọ́ náà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, àmọ́ òtútù ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, bí ooru bá sì ti wọ inú wọn, kì í tètè jáde. Ọmọ tí kò rí oorun sùn lóru kò ní lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má sì rò pé oríkunkun ló ń ṣe. Bí ojú wọn bá wúwo nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ fi ọjọ́ náà sinmi, tàbí kí ẹ ṣe díẹ̀ nínú yàrá tó tutù jù nínú ilé.

Oòrùn ibẹ̀ a máa mú jù láàárín agogo 11 àárọ̀ sí agogo 3 ọ̀sán. Nítorí náà, agogo 9 àárọ̀ ni mo máa ń yàn fún ìdílé tó ní ọmọ kékeré. Ìrọ̀lẹ́ náà dára, àmọ́ ebi àti ẹkún ni ọmọ ọdún 4 sábà máa ń bá dé nígbà yẹn. Ẹ wá abẹ́ igi tó ní ibòòji. Oòrùn ń jó àwọ̀ dúdú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yá bíi ti àwọ̀ funfun, nítorí náà ẹ fi kírìmù oòrùn tí SPF rẹ̀ (nọ́ńbà agbára rẹ̀ lòdì sí oòrùn) tó 30 pa wọ́n lára kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì nu àtẹ́lẹwọ́ wọn gbẹ dáadáa: mo ti rí ọmọ tí kírìmù mú kí ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, tí àgbọ̀n rẹ̀ sì lulẹ̀. Ní ti omi, ọmọ tí eré ń dùn mọ́ kì í rántí òùngbẹ. Ẹ má bi í bóyá ó fẹ́ mu; ẹ kàn gbé ìgò fún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, láàárín rẹ̀, àti nígbà tí ẹ bá parí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí ògì díẹ̀ ti tó kí ẹ tó jáde, kí oúnjẹ gidi wá dúró de ìgbà tí ẹ bá padà délé.

Ẹní yóga onírọ́bà máa ń gbóná nínú oòrùn, bí òógùn bá sì kàn án, á máa yọ̀. Lórí koríko, ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ bàtà fún gbogbo ìdúró orí ẹsẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì fún ìjókòó àti ìdùbúlẹ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ bàtà, ẹ kọ́kọ́ rin ibẹ̀ yí ká fúnra yín: ìgbẹ́ ajá wà, àfọ́kù ìgò wà, oyin sì máa ń bà sórí àwọn òdòdó funfun kéékèèké inú koríko.

Ìṣẹ́jú 10 ti tó ọmọ ọdún 4, ọmọ ọdún 8 sì lè ṣe tó ìṣẹ́jú 20. Ẹ ṣètò bí ìṣẹ́jú 25 fún gbogbo ilé, kí àbíkẹ́yìn lè máa sá jáde kí ó sì máa padà wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń pè é. Bó bá jẹ́ pé ṣe ló jókòó tó ń já koríko tó ń wò yín, ẹ fi í sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń gba ẹ̀kọ́.

Bí ẹ bá gba ìmọ̀ràn mi, màmá yín ni kí ẹ fi ṣe olórí kíláàsì yìí. Ọ̀pọ̀ ìdúró yóga ló ń jẹ́ orúkọ ẹranko: ejò, ológbò, ọ̀pọ̀lọ́, kìnnìún, kódà Ìjàpá pàápàá wà níbẹ̀, òun ni àwọn ará India ń pè ní Kurmasana. Ẹ gbé àga fún màmá, kí wọ́n pa àlọ́ Ìjàpá tó lọ sílé àna rẹ̀, tó bu èbe gbígbóná sínú fìlà, tó sì dé e mọ́rí. Lójú ọ̀nà, kí Ìjàpá pàdé ejò: àwọn ọmọ á dùbúlẹ̀ bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ èjìká, wọ́n á sì gbé àyà sókè díẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ má sì jìnnà sí ìhà. Kí ó pàdé ológbò: ọwọ́ àti orúnkún nílẹ̀, kí wọ́n gbé ẹ̀yìn sókè kí ó yọ bí òkè kékeré, kí wọ́n sì tún dẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Kí ó pàdé ọ̀pọ̀lọ́, kí wọ́n lóṣòó kí wọ́n sì fò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó bá wá dé ilé àna, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n pa àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ níwájú, kí orúnkún ṣí sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ ojúgun, kí wọ́n sì tẹ orí ba bí ẹni tó wọ inú karaun. Bí èbe bá ta Ìjàpá lórí, kí wọ́n yọ orí jáde, kí wọ́n na ahọ́n, kí wọ́n sì mí jáde lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ariwo bíi ti kìnnìún. Orin àlọ́ náà wúlò ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tó ń gbe orin ní láti mí jáde pẹ́ títí kó tó lè parí gbólóhùn orin, èyí sì ni ìmí gígùn tí àwa olùkọ́ ń ṣe làálàá láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣàlàyé fún ọmọdé.

Lẹ́yìn àlọ́, ẹ ṣe ìdúró igi, nítorí gbogbo ilé ló lè jọ ṣe é. Àbíkẹ́yìn á fi gìgísẹ̀ kan ti ọrùn ẹsẹ̀ kejì, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wà nílẹ̀. Ọmọ ọdún 8 lè gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé ojúgun tàbí itan, ṣùgbọ́n kó má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́ orúnkún láé. Èèpo igi tó wà níwájú ni kí wọ́n máa wò, kí wọ́n má wo ajá tó ń sáré kọjá. Èyí àgbà lè na ọwọ́ sókè. Ẹ̀yin àti bàbá wọn lè fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara yín. Màmá á di ẹ̀yìn àga mú, wọ́n á sì kàn gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tún gbé e padà. Ní tiwọn, ẹ yọ ìkúnlẹ̀ àti ìlóṣòó kúrò pátápátá. Gbogbo ohun tó kù ni wọ́n lè ṣe lórí àga, kódà ti ológbò, bí wọ́n bá fi ọwọ́ lé itan tí wọ́n sì ń ká ẹ̀yìn tí wọ́n ń nà án.

Ibi kan wà tí mo ti le díẹ̀. Ẹ má kọ́ ọmọ kankan láti fi orí dúró, tàbí láti gbé ara lé ọrùn àti èjìká, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Ẹ má sì fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ọmọ kí orí rẹ̀ lè kan orúnkún. Ní ìpẹ̀kun egungun ọmọ tó ń dàgbà, ibi kan wà tí egungun tuntun ti ń hù, ibẹ̀ kò sì lágbára tó egungun tó ti gbó; àkọ́bí yín tó ti wọ ọdún 13 ló yẹ kí ẹ ṣọ́ jù, nítorí àkókò yìí ni ọmọ máa ń ga lójijì. Bí ìdúró ọmọ bá wọ́, ẹ jẹ́ kó wọ́. Ẹ ṣe tiyín dáadáa níwájú rẹ̀, ó tó.

Ní ti ìmí, ẹ má ní kí wọ́n dá èémí dúró. Kí wọ́n di etí, kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n sì máa kùn bí oyin nígbà tí wọ́n bá ń mí jáde. Ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń dún nínú orí wọn. Ní ọjọ́ tó gbóná, wọ́n lè ká ahọ́n, kí wọ́n fa atẹ́gùn gba àárín rẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì mí jáde látimú. Ẹni tí kò lè ká ahọ́n yóò fa atẹ́gùn gba àárín eyín. Ẹni tó ní asthma kó fo èyí, nítorí erukutu òdòdó àti koríko pọ̀ nínú páàkì nígbà ooru, kí inhaler rẹ̀ sì wà ní àrọ́wọ́tó yín, kó má ṣe wà nínú ọkọ̀.

Ẹ bi àwọn òbí yòókù ní ìbéèrè kan tí ìwé òyìnbó lè gbàgbé: ta ni nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ló jẹ́ SS? Ìdílé wa púpọ̀ ló ní in, àwọn mìíràn kì í sì í fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba, nítorí náà ẹ béèrè ní kọ̀rọ̀. Àìmu omi tó, ooru tó pọ̀ jù àti àárẹ̀ lè fa ìrora fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ó máa fi aṣọ tútù dúró nínú afẹ́fẹ́. Kí dókítà rẹ̀ kọ́kọ́ gbà á láyè. Bí ó bá wá, kò gbọdọ̀ fò bí ọ̀pọ̀lọ́ léraléra, òun ló sì gbọ́dọ̀ máa sọ ìgbà tí ó fẹ́ sinmi. Kí ó má baà dá yàtọ̀, ẹ sọ ọ́ di òfin fún gbogbo wọn pé ẹni tó bá rẹ̀ lè jókòó ti màmá nígbàkígbà.

Àkọ́bí yín kò ní fẹ́ ṣe ológbò níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lè kọjá, ẹ má fi agbára mú un. Ẹ fún un ní iṣẹ́ olùṣọ́ agogo àti omi, kí ẹ wá fi ìrọ̀lẹ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ṣe tiyín pẹ̀lú rẹ̀ nílé, kí ó ní agbára nínú, kí fífò wà níbẹ̀. Ó bá ìtàn mu: ní àwọn ọdún 1930, ọmọkùnrin ni olùkọ́ yóga kan tó ń jẹ́ Krishnamacharya ń kọ́ ní ààfin Mysore ní India, púpọ̀ nínú yóga onífífò tí a mọ̀ lónìí sì ti ibẹ̀ wá.

Ní ti aládùúgbò yín tó ń bẹ̀rù ìbọ̀rìṣà, ẹ má sọ fún un pé yóga kò bá ẹ̀sìn tan. Ó bá a tan. Ilẹ̀ India ló ti ṣẹ̀, inú ẹ̀sìn ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ohun tí ẹ lè sọ tó sì jẹ́ òtítọ́ ni pé àwọn ìjọba kan ti ya ìdárayá rẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ní London níbẹ̀ gan-an, ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ gba yóga Iyengar (irú èyí tí olùkọ́ B.K.S. Iyengar ará India ń kọ́) láyè nínú kíláàsì alẹ́ àwọn àgbàlagbà, ìdúró àti ìmí nìkan ni wọ́n sì ní kí wọ́n máa kọ́. Ní Alabama ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fòfin de yóga nílé-ìwé ìjọba láti ọdún 1993. Nígbà tí wọ́n gbà á padà ní ọdún 2021, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí orin ẹ̀sìn, wọn kò gbọdọ̀ kí ara wọn ní namaste, ìkíni àwọn ará India, àwọn òbí sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ ṣe bákan náà: ẹ fi Om (ọ̀rọ̀ mímọ́ ẹ̀sìn India tí wọ́n máa ń fi ohùn gígùn pè) àti ìkíni náà sílẹ̀, kí ẹ pe aládùúgbò náà wá wò ó lẹ́ẹ̀kan láìmú ọmọ rẹ̀ dání. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á lẹ́yìn náà, ẹ kò gbọdọ̀ bá a jiyàn.

Ìbéèrè owó ló kù. Kò sí òfin tó ní kí èèyàn gba ìwé àṣẹ ìjọba kó tó pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ yóga níbẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá ti gba kọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Páàkì ìjọba ni Burgess Park, ẹ ó ní láti béèrè lọ́wọ́ káńsù Southwark bóyá ẹ nílò àṣẹ láti fi ibẹ̀ ṣòwò, ẹ ó nílò ìbánigbófò, àwọn òbí sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé DBS yín (ìwé àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn) àti ibi tí ẹ ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ọmọdé. Pé ẹ ti ń ṣe yóga tipẹ́ kò túmọ̀ sí pé ẹ ti kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má gba owó ní ọlidé yìí, kí ọmọ aládùúgbò má sì ju mẹ́rin lọ, kí òbí kọ̀ọ̀kan dúró ti ọmọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ya fọ́tò ọmọ ẹlòmíràn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí òbí kan bá ní òun fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ kí òun sáré ra nǹkan ní Rye Lane, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín pé kó mú un dání lọ, ẹ ó sì máa retí àwọn méjèèjì ní ọjọ́ mìíràn.