Kọ̀ǹpútà ló ní kí wọ́n má yá mi lówó, ṣé mo lè bá a jà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n lóyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ yá owó lórí áàpù kan láti fi kún ọjà, kò tó ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi ní rárá. Mo pe kọ́sítọ́mà kéà, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ṣé ẹ̀rọ ti wá lẹ́tọ̀ọ́ jù wá lọ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò lẹ́tọ̀ọ́ kankan. Ẹ̀rọ ò ní ikùn, kò sanwó ilé ìwé ọmọ, èrè ẹni tó ni ín ló ń wá, torí náà tí wọ́n bá ti ní "kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀", ẹnì kan ló sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo détà ará ìlú (ìyẹn ìsọfúnni nípa ẹni, kì í ṣe détà tá a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì), tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2023, abala 37 ẹ̀ ní kó má jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló máa dá ọ̀rọ̀ ẹ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó máa kàn ẹ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Wọ́n á ní o ti tẹ "I agree". Òótọ́ ni, òfin fàyè gba ẹ̀rọ láti dá a tó o bá ti gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà dé nìyí: bó o tiẹ̀ gbà, o ṣì lè ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara tún un yẹ̀ wò, kó o ro tẹnu ẹ, kó o sì ta kò ó.

Oníbàárà mi kan, ìyá aláṣọ ní Gbági, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ̀ ọ́. A kọ ímeèlì ìlà mẹ́rin péré. Ìgbà tí èèyàn fojú ara ẹ̀ wò ó, sípẹ́lì orúkọ ló fà á: "Sh" ló wà lórí BVN, "S" nìkan ló wà lórí NIN, ẹ̀rọ wá kà á sí èèyàn méjì. Obìnrin tí gbogbo láìnì mọ̀! Ó dùn mí gan-an.

Torí náà má pè wọ́n mọ́, ímeèlì ni kó o kọ, kí ẹ̀rí lè wà. Béèrè détà tí wọ́n lò, ní kí èèyàn tún un wò lábẹ́ abala 37, kó o so screenshot mọ́ ọn. Tí wọn ò bá dáhùn, fẹjọ́ wọn sun Nigeria Data Protection Commission l'Ábújá, o ò nílò lóyà fún ìyẹn. Òfin ò ní kí wọ́n yá ẹ lówó tipátipá o, wọ́n ṣì lè ní rárá, àmọ́ kí èèyàn ti wò ó ná. Kó o tó kọ ọ́ ṣá, lọ wo orúkọ ẹ lórí BVN àti NIN lónìí.